Láti Ọ̀dọ̀ Bertha Benz Dé Abẹ́ Igi Máńgòrò: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wá Àìsàn Ọkọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ àròkọ mi, nítorí pé iṣẹ́ mẹkáníìkì gan-an, wíwo ẹ̀yìn ni. Ọkọ̀ tó bá dákú sójú ọ̀nà ti ṣubú nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e dìde gbọ́dọ̀ wá ibi tí ó ti kọsẹ̀.

Ìlú wa, Joga-Orílé, kò jìnnà sí Ìbèsè àti Ìlaròó. Tírélà sìmẹ́ńtì ni a fi ń jí, òun ni a fi ń sùn. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, wà lára àwọn tó ń wa tírélà náà. Ní ọdún tó kọjá, ó ra ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì kan, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sáré. Tókúnbọ̀ ni. Ọdún mẹ́rin ni ó fi kó owó rẹ̀ jọ, Bàbá àgbà sì ti rò pé ilé ni yóò fi owó náà bẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kò fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe rà á. Ó yọ ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀, ó fi èyí tó lágbára jù ú lọ rọ́pò. Ó pààrọ̀ sálẹ́ńsà kí ó lè máa bú bíi kìnnìún. Ó so iná aláwọ̀ aró mọ́ abẹ́ rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ orin ńlá méjì sínú búùtù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àìsàn dé. Bí ó bá tan iná iwájú lálẹ́, tí ó sì gbé orin sókè, iná náà á ṣú, ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹ́ńjìnnì á sì máa ta gọ́tagọ̀ta. Lọ́sàn-án gangan, ọkọ̀ náà á kàn kú lójijì, kò ní jí títí ara rẹ̀ yóò fi tutù. Rẹ́wáyà kìíní ní bírénbọ́ọ̀sì, ìyẹn ọpọlọ ẹ́ńjìnnì, ló ti jóná. Wọ́n ra òmíràn. Kò yí nǹkan kan padà. Èkejì ní pọ́ǹpù epo ni. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà náà ló wà. Owó ìgbéyàwó Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ọkọ̀, wọ́n sì sún ọjọ́ ìgbéyàwó síwájú. Ní gbogbo àkókò yìí, Bàbá àgbà, tó ti tún Peugeot ṣe fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan. Bọ̀ọ̀dá ní ayé Bàbá ti kọjá, ọkọ̀ kọ̀ǹpútà ni tòun. Àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Èmi tí mo wà láàárín wọn ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé, kí n lè mọ bí àwọn tó ṣíwájú wa ṣe ń wá àìsàn ọkọ̀. Ohun tí mo rí ni mo kọ síhìn-ín.

Obìnrin tó tún ọkọ̀ ṣe lójú ọ̀nà

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, obìnrin kan ní orílẹ̀-èdè Jámánì, Bertha Benz, kó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, Eugen àti Richard, sínú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀, Carl Benz, ṣe. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀ kó tó gbéra. Láti ìlú Mannheim ni ó ti wa ọkọ̀ náà lọ sí Pforzheim, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé, ìrìn tó lé ní 100 kìlómítà. Kò tíì sí ẹni tó fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ilé epo, kò sì sí mẹkáníìkì kankan lójú ọ̀nà.

Epo tán. Ní ìlú Wiesloch, ó ra epo tí wọ́n fi ń fọ aṣọ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn. Páípù epo dí. Ó yọ abẹ́rẹ́ gígùn tó fi di fìlà rẹ̀ mú, ó fi gún un títí epo fi ń ṣàn. Wáyà iná họ, ara rẹ̀ sì ń kan irin. Ó fi rọ́bà tó fi ń di ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wé e. Igi bíréèkì jẹ tán. Ó ní kí oníbàtà kan kan awọ mọ́ ọn. Níbi tí òkè ti le, àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti ọkọ̀. Nígbà tó padà délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó yẹ kí ọkọ̀ náà ní jíà kan sí i fún òkè gígùn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣe yìí dáadáa. Obìnrin yìí kò pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́. Nígbà tí epo kò dé ẹ́ńjìnnì, ibi tí epo ń gbà ni ó wò. Nígbà tí iná kò dé, ibi tí iná ń gbà ni ó wò. Gbogbo ẹ̀kọ́ mẹkáníìkì títí dòní kò kúrò lórí èyí. Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù ń béèrè: epo, afẹ́fẹ́, àti iná tó ta ní àkókò tó yẹ. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti jí, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣe aláìní, àfi bí ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bá ti jẹ.

Ìgbà tí wáyà pọ̀ sí i

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnnì. Irin kan wà tí wọ́n ń kì bọ iwájú ọkọ̀, tí wọ́n á máa yí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà lójijì, irin náà lè ṣẹ́ ènìyàn lápá. Ní ọdún 1912, ọkọ̀ Cadillac ní Amẹ́ríkà jáde pẹ̀lú sítátà oníná tí Charles Kettering àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ nílò bátìrì ńlá, ẹ̀rọ tí yóò máa fi iná kún bátìrì náà, àti wáyà púpọ̀. Ìrọ̀rùn dé, ṣùgbọ́n ilé tuntun dé fún àìsàn.

Kettering kan náà wà nídìí ètò tó fi bátìrì, kọ́ìlì àti pọ́íǹtì tan iná ẹ́ńjìnnì, èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ lò fún ọdún tó lé ní àádọ́ta. Iná bátìrì á wọ inú kọ́ìlì. Nígbà tí pọ́íǹtì bá là, iná inú kọ́ìlì á fò sókè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, á sì ta pàrà lẹ́nu pílọ́ọ̀gì. Bí pọ́íǹtì bá jẹ, tàbí bí àlàfo rẹ̀ bá fẹ̀ jù, iná á ta ní àkókò tí kò yẹ, ọkọ̀ á sì máa wúkọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Iná kì í lọ lásán, ó gbọ́dọ̀ padà sílé. Ó ń jáde láti orí rere bátìrì, ó sì ń padà sí orí òdì. Nínú ọkọ̀, irin ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sọ di ọ̀nà àbọ̀, kí wáyà má baà pọ̀ jù. Àwọn mẹkáníìkì ń pe ọ̀nà àbọ̀ yìí ní ẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbàgbé rẹ̀, nítorí a ó tún bá a pàdé.

Ayé Peugeot àti Ìjàpá

Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà: ti Peugeot ní Kàdúná, àti ti Volkswagen ní Èkó, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àgbádárìgì. Wọ́n ń to ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Peugeot 504 di ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba, olùkọ́ àgbà àti oníṣòwò. Beetle, tí àwa ń pè ní Ìjàpá, di ọkọ̀ olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú lára dípò omi.

Ní àkókò yìí ni Bàbá àgbà lọ kọ́ṣẹ́ ní Èkó. Ó sọ fún mi pé ní ọdún kìíní, ọ̀gá òun kò jẹ́ kí òun fọwọ́ kan sípánà. Kí òun máa fọ irin, kí òun sì máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì ni iṣẹ́ òun. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ bí a ṣe ń ka pílọ́ọ̀gì bí ẹni ka ìwé. Bí ẹnu pílọ́ọ̀gì bá dúdú tó sì gbẹ bí èérú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá funfun, epo kéré, ẹ́ńjìnnì sì ń gbóná jù. Bí ó bá ní ọ̀rá, ọ́ìlì ń wọlé síbi tí kò yẹ. Bí ó bá rí bí àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, ara ẹ́ńjìnnì le. Gbólóhùn gílóòbù kékeré kan tí a so wáyà méjì mọ́ ni ó fi ń wá ibi tí iná ti já.

Kì í ṣe ti Bọ̀ọ̀dá ni yóò kọ́kọ́ jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n tún ara rẹ̀ ṣe fún eré sísá. Ní ọdún 1975, Ove Andersson fi Peugeot 504 gba ipò kìíní nínú eré ọkọ̀ Safari Rally ní Kẹ́ńyà. Ní ọdún 1978, Jean-Pierre Nicolas tún fi 504 onílẹ̀kùn méjì tó ní ẹ́ńjìnnì V6 gba ipò kìíní níbẹ̀. Wọ́n ti tún àwọn ọkọ̀ náà ṣe kí wọ́n tó gbé wọn sínú eruku àti ẹrẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn yí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi agbára kún ibì kan gbọ́dọ̀ wo àwọn ibi mìíràn tí yóò gbé agbára náà.

Ọkọ̀ gba ọpọlọ, àwa gba tókúnbọ̀

Ní ọdún 1967, ilé iṣẹ́ Bosch gbé ètò kan jáde tí ó fi iná mọ̀nàmọ́ná wọn epo fún ẹ́ńjìnnì dípò kábúrétọ̀. Ọkọ̀ Volkswagen 1600 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ọpọlọ. Nígbà tó di ọdún 1996, òfin Amẹ́ríkà ní kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ní ojú ihò kan náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ojú ihò onípín-ín-nì 16, tí ènìyàn lè ki sìkánà bọ̀. Sìkánà á béèrè lọ́wọ́ ọpọlọ ọkọ̀ pé kí ló ń ṣe é, ọpọlọ á sì dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà.

Àwọn ọkọ̀ yìí ni wọ́n ń wọ̀lú wa nígbà tí àwọn ará òkè òkun bá ti lò wọ́n tán. Ọ̀pọ̀ wọn ń gba èbúté Kútọnu kọjá sí ẹkùn bodè wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí bodè ilẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, bodè fúnra rẹ̀ wà ní títì. Àwa tí a ń gbé ní Yewa mọ ohun tí èyí ṣe sí ọjà àti ìrìn àjò wa.

Ọkọ̀ náà dé, ṣùgbọ́n ìwé àlàyé rẹ̀ kò bá a dé. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó mọ kábúrétọ̀ bí ẹní mowó kò rí ẹni kọ́ wọn ní sìkánà. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó sì ní sìkánà kò dúró pẹ́ tó lọ́dọ̀ ọ̀gá láti mọ bí iná ṣe ń rìn. Ibi tí ìmọ̀ méjì yìí ti pínyà ni owó àwọn ènìyàn ń já bọ́ sí.

Ìjàpá kan ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹnì kan wà tó so ìmọ̀ àtijọ́ àti ti òde òní pọ̀. Ní ọdún 2014, ìròyìn tàn káyé pé Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ti sọ Ìjàpá kan di ọkọ̀ tó ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ó gbé páńẹ́lì oòrùn ńlá sórí rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tó ọdún kan kó tó parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó lò jẹ́ àlòkù tí ọ̀rẹ́ àti ẹbí fún un. Àwọn kan sọ fún un pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ó fún abẹ́ ọkọ̀ náà lókun, kí ó lè gbé ìwúwo tuntun tó gbé lé e. Ó rántí pé ohun tí a bá fi kún ọkọ̀ ní ẹrù tirẹ̀ tí yóò gbé ka ọkọ̀ náà lórí.

Abẹ́ igi máńgòrò

Nígbà tí mo ka ibí yìí tán, mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn jẹ́ kí Bàbá wò ó. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.” Ó dákẹ́ títí. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ọkọ̀ náà dé abẹ́ igi máńgòrò.

Bàbá àgbà kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi í. “Kí ni o yí padà kẹ́yìn, kó tó bẹ̀rẹ̀ àìsàn?”

“Ẹ́ńjìnnì ni, Bàbá, àti orin.”

“Ta ló dá àwọn wáyà padà lẹ́yìn tí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì wọlé?”

Bọ̀ọ̀dá kò mọ̀.

Mo ti yá mítà tí a fi ń wọn iná ní yàrá ẹ̀kọ́ físíìsì wa, pẹ̀lú àṣẹ olùkọ́. A wọn bátìrì: fóòtì 12.5. Ara rẹ̀ le. Bàbá wá ní kí n fi ẹnu wáyà mítà kan sí orí òdì bátìrì, kí n fi èkejì sí ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, kí Bọ̀ọ̀dá sì jí ọkọ̀. Bí ọ̀nà àbọ̀ iná bá dára, mítà kò yẹ kó fi ju ìdajì fóòtì lọ hàn. Ó fi 2.1 hàn. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó sì pè mí. Wáyà ńlá tó yẹ kó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì kò dá a padà. Iná kò rí ọ̀nà gidi gbà wálé, ó wá ń gba inú àwọn wáyà tín-ín-rín kọjá. Bí orin àti iná iwájú bá béèrè iná púpọ̀, gbogbo ilé á dàrú, ọpọlọ ọkọ̀ á sì máa ka irọ́. Bírénbọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ pé ó jóná kò jóná.

Wáyà tó nípọn láti ara Peugeot àtijọ́ kan ni Bàbá fi so ó. Ó tún ní kí wọ́n fi fíúùsì sí wáyà orin nítòsí bátìrì, kí ọkọ̀ má baà gbiná. Alẹ́ ọjọ́ náà, iná iwájú tàn bí ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkọ̀ náà tún kú nígbà tó gbóná. Bàbá ka pílọ́ọ̀gì: àwọ̀ rẹ̀ dára. Ó wo epo: epo ń dé. Iná ni kò sí, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a pe ọ̀dọ́mọkùnrin rẹ́wáyà kan wá láti Ìlaròó pẹ̀lú sìkánà rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sìkánà wò ó ní oṣù tó ṣáájú, nọ́ńbà àìsàn 11 ló kà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù: sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún ọpọlọ ọkọ̀ ibi tí irin yíyí inú ẹ́ńjìnnì dé. Bí sẹ́ńsọ̀ náà bá gbóná, ó ń dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ọpọlọ kò mọ ìgbà tí yóò ta iná.

Bàbá ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó gbọ́ ọ yé, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Iṣẹ́ pọ́íǹtì náà ni. Ẹ̀wù tuntun ló wọ̀.” Àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Bọ̀ọ̀dá ta ẹ̀rọ orin kan nínú méjì, ó fi ra sẹ́ńsọ̀ náà. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ náà kò tíì kú sójú ọ̀nà. Owó tí wọ́n fi ra bírénbọ́ọ̀sì àti pọ́ǹpù kò padà wá, ilé kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ti wáyé, ọkọ̀ náà ló sì gbé ìyàwó.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé ohun èlò tuntun kò rọ́pò ìrònú. Sìkánà máa ń sọ ẹni tó ń ké fún wa. Kì í sọ ẹni tó lù ú. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ìrírí àgbà nìkan kò tó nínú ayé tó ń yí. Bí kì í bá ṣe sìkánà ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, Bàbá ìbá ṣì máa wá iná kiri. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ máa pe àwọn ọ̀gá àtijọ́ wá sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn ọ̀gá náà ní ẹ̀rọ tuntun.

Ẹ̀kọ́ kẹta kan èmi gan-an. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, aládùúgbò wa kan ń kọjá, ó ní kí ni ọmọbìnrin ń wá níbẹ̀. N kò dá a lóhùn nígbà náà. Ṣùgbọ́n mo ti ní ìdáhùn báyìí. Obìnrin ló fi abẹ́rẹ́ fìlà tú páípù epo ní ọdún 1888. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, Sandra Aguebor di mẹkáníìkì, ó sì dá ẹgbẹ́ Lady Mechanic Initiative sílẹ̀ ní ọdún 2004 láti kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ yìí. Ọ̀nà náà ti wà nílẹ̀.

Bàbá àgbà ti fún mi ní gílóòbù alẹ́sẹ̀ wáyà méjì tó lò láti ìgbà tó wà ní Èkó. Ó wà nínú àpò ìwé mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé físíìsì.